Kí Ni Ẹ̀sìn Ní Í Ṣe Pẹ̀lú Ẹni Tó Fẹ́ Dá Òwò Tirẹ̀ Sílẹ̀?

Nígbàkigbà tí orúkọ àwọn olówó ńlá bá tún jáde nínú ìròyìn, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan á ní ẹ̀sìn àwọn yẹn ló kọ́ wọn lówò. Ẹlòmíì á ní irọ́ ni, pé àdúrà àgbàjù ló tilẹ̀ ń sọ èèyàn di ọ̀lẹ. Àwọn kan á fa ẹsẹ Bíbélì yọ, àwọn kan á fa ti Kùránì, ẹni tó bá kàwé díẹ̀ láàárín wọn á sì dárúkọ Max Weber. Tí ariwo bá rọlẹ̀ tán, ìbéèrè tó ṣe kókó á ṣì wà nílẹ̀: kí ni ìgbàgbọ́ ń ṣe nínú ọkàn ẹni tó ń rò ó lóru pé, "Ṣé kí n fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, kí n dá tèmi dúró?"

Ọ̀rọ̀ náà kọjá àríyànjiyàn lásán. Àwọn kan ti fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìwàásù ọjọ́ kan. Àwọn kan kọ owó tó lè gbé òwò wọn ró, nítorí pé èlé wà lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn ń ru ẹ̀bi òwò tó wó, torí wọ́n ti sọ fún wọn pé ìgbàgbọ́ wọn ló kéré. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí la ń pè ní dídá òwò sílẹ̀, kí la sì ń pè ní ẹ̀sìn?

Ẹni tó dá òwò sílẹ̀, nínú àlàyé yìí, ni ẹni tó fi owó ara rẹ̀ tàbí èyí tó yá, pẹ̀lú àkókò rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣèlérí owó oṣù fún un lórí rẹ̀. Bí èrè bá wọlé, tirẹ̀ ni. Bí òfò bá dé, òun náà ni yóò rù ú. Ó lè jẹ́ èèyàn kan ṣoṣo nínú yàrá kan, ó sì lè jẹ́ ẹni tó gba òṣìṣẹ́ 500. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé wọ́n fi ohun tó dájú sílẹ̀ nítorí ohun tí kò tíì dájú.

Ẹ̀sìn ní tirẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ìyẹn ohun tí ẹ̀sìn sọ pé òótọ́ ni nípa Ọlọ́run àti ayé. Òfin àti ìṣe wà níbẹ̀, ohun tó ní ká ṣe àti ohun tó ní ká yẹra fún. Àwùjọ náà wà níbẹ̀, àwọn tí a jọ ń sìn. Bí àwọn èèyàn bá ń jiyàn lórí ẹ̀sìn àti owó, ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n máa ń mẹ́nu bà. Lójú tèmi, òfin àti àwùjọ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ẹ ó sì rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ìwàásù nípa iṣẹ́ lè sọ èèyàn di olówò?

Max Weber, onímọ̀ ará Jámánì, ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ńlá pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tó gbé jáde ní 1904 àti 1905. Ohun tó kíyè sí ni pé nílẹ̀ rẹ̀, àwọn Kristẹni Pùròtẹ́sítáǹtì pọ̀ ju àwọn Kátólíìkì lọ láàárín àwọn tó ni ilé iṣẹ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ dunjú. Ó wá ìdí rẹ̀ lọ sínú ẹ̀kọ́ ìsìn. Martin Luther ti kọ́ni pé kì í ṣe àlùfáà nìkan ni Ọlọ́run ń pè. Ẹni tó ń ṣe bàtà náà ní ìpè tirẹ̀, ìsìn sì ni iṣẹ́ tó bá fi òótọ́ inú ṣe. John Calvin kọ́ni pé Ọlọ́run ti yan àwọn tí yóò rí ìgbàlà, kò sì sẹ́ni tó lè yí àyànmọ́ náà padà.

Fún ẹni tó gba ẹ̀kọ́ yìí gbọ́ tọkàntọkàn, ìdààmú ńlá ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé mo wà lára àwọn àyànfẹ́? Weber ní àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin bẹ̀rẹ̀ sí í wo iṣẹ́ àṣekára àti àṣeyọrí gẹ́gẹ́ bí àmì. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, owó ń wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn wọn kò gbà kí wọ́n ná an sí fàájì. Owó tí a kò ná yìí ló ń padà sínú òwò, tó sì ń sọ òwò kékeré di ńlá.

Àlàyé náà wọni létí. Ṣùgbọ́n àwọn tó tún un yẹ̀ wò rí nǹkan mìíràn. Sascha Becker àti Ludger Woessmann lo àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Prussia, ìjọba kan nílẹ̀ Jámánì, ti ọ̀rúndún 19, wọ́n sì sọ ní 2009 pé ìwé kíkà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Luther fẹ́ kí olúkúlùkù lè ka Bíbélì fúnra rẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ọmọ sílé ìwé. Ọmọ tó kọ́ ìwé kíkà nítorí Bíbélì lè ka ìwé àdéhùn, ó sì lè kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sílẹ̀. Davide Cantoni ní tirẹ̀ ṣàyẹ̀wò ìlú 272 nílẹ̀ Jámánì láti 1300 sí 1900, kò sì rí i pé ìlú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì dàgbà ju ti àwọn Kátólíìkì lọ. Ẹni tó bá ń rí agboòrùn ní gbogbo ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ kò lè tìtorí ìyẹn sọ pé agboòrùn ló ń fa òjò, bẹ́ẹ̀ náà ni rírí tí a rí ẹ̀sìn kan àti ọrọ̀ níbi kan náà kò fi hàn pé èyí ló bí ìyẹn.

Èyí ò wá ní kí ìwàásù má ní agbára rárá. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Gharad Bryan, James Choi àti Dean Karlan, dán an wò nílẹ̀ Philippines lọ́nà tó ṣọ̀wọ́n. Wọ́n fi ìbò yan àdúgbò tí wọn yóò ti kọ́ àwọn ìdílé aláìní ní ẹ̀kọ́ Kristẹni, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí ìbò kò mú. Lẹ́yìn oṣù 6, ìsìn àwọn tó gba ẹ̀kọ́ náà ti lágbára sí i, owó tó ń wọlé fún wọn sì ti lé sí i. Ohun tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé wọn kò sọ pé ayé tẹ́ àwọn lọ́rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ńṣe ni wọ́n tilẹ̀ ń wo ara wọn pé àwọn rẹlẹ̀ sí i láàárín ẹgbẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àìtẹ́lọ́rùn yẹn gan-an ló lé wọn síṣẹ́. Ìwàásù lè ta èèyàn jí. Àmọ́ kí ẹni tó jí tó rí òwò ṣe, ó ku nǹkan mìíràn.

Kí nìdí tí àwọn ẹlẹ́sìn tí kò pọ̀ níye fi máa ń pọ̀ nídìí òwò?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà lóye. Wọ́n rí ẹ̀yà ẹ̀sìn kékeré kan tó kún fún oníṣòwò, wọ́n sì rò pé àṣírí owó wà nínú ìwé mímọ́ wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ wọn ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Ẹ wo àwọn Quaker nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kristẹni ni wọ́n, àárín ọ̀rúndún 17 ni ìjọ wọn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbà pé Jésù ní kí èèyàn má ṣe búra rárá, nítorí náà wọn kì í búra fún ọba, wọn kì í búra nílé ẹjọ́. Wọn kì í jagun. Wọn kì í bá Ìjọ Ìlú, ìyẹn ìjọ Áńgílíkà tí ìjọba fọwọ́ sí, ṣe ìsìn. Òfin ọdún 1661 àti 1673 wá sọ pé ẹni tí kò bá gba ara Olúwa nínú Ìjọ Ìlú kò lè di ipò ìjọba mú, wọn kò sì fagi lé e títí di 1828. Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí ìgbàgbọ́ Ìjọ Ìlú kò lè wọ Yunifásítì Oxford títí di 1854.

Ṣé ẹ rí ibi tí ọmọ Quaker tó gbọ́n, tó sì kàwé, dé yìí? Kò lè ṣiṣẹ́ ọba, kò lè di ọ̀gágun, kò lè gboyè ní Oxford, kò sì lè di àlùfáà nítorí pé ìjọ rẹ̀ kò ní àlùfáà tí wọ́n ń sanwó fún. Òwò ló ṣẹ́ kù. Wọ́n sì gbá a mú. Ìdílé Cadbury, Fry àti Rowntree, tí orúkọ wọn wà lára ṣokoléètì títí dòní, Quaker ni gbogbo wọn. Báńkì Barclays ti ọ̀dọ̀ àwọn Quaker oníṣẹ́ wúrà wá ní 1690, Quaker sì ni Sampson Lloyd, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Báńkì Lloyds sílẹ̀ ní 1765.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwọn Júù ní Yúróòpù ayé àtijọ́. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kò gbà wọ́n sínú iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ibi ni kò sì gbà kí wọ́n ní ilẹ̀ oko. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsinmi tún dá sí i. Níbi tí iṣẹ́ ti ń lọ ní ọjọ́ Sátidé, Júù tó ń pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́ kò lè rí iṣẹ́ oṣù tí yóò yọ̀ǹda ọjọ́ yẹn fún un. Bó bá ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, òun ló ni kọ́kọ́rọ́. Nínú èyí, òfin ẹ̀sìn nìkan ti tó láti sọ ẹni tí kò fẹ́ràn ewu rárá di olówò ara rẹ̀.

Ti àwọn Jain nílẹ̀ Íńdíà tún yàtọ̀. Ẹ̀sìn wọn kò gbà kí wọ́n pa ohun ẹlẹ́mìí, bó ti wù kó kéré tó. Ẹni tó bá ń tú ilẹ̀ yóò pa kòkòrò. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ wọn yẹra fún oko, wọ́n sì gba ọjà àti òwò owó lọ. Kò sí ibi tí ẹ̀kọ́ wọn ti ní kí wọ́n lọ di olówó. Kódà, ó ń kọ́ wọn láti má ṣe kó ọrọ̀ jọ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ta ni yóò fọkàn tán ọ?

Kò sí òwò tó lè dúró láìsí ìfọkàntán. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé ọjà fún ọ láwìn, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ sanwó sílẹ̀ kí ọjà tó dé. Níbi tí ilé ẹjọ́ bá jìnnà tàbí tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, àwùjọ ẹ̀sìn lè dúró bí onídùúró.

Ní ọ̀rúndún 11, àwọn Júù oníṣòwò kan ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù ká etí Òkun Mẹditaréníà. Lẹ́tà wọn wà títí dòní, nítorí pé wọ́n tọ́jú wọn sínú sínágọ́gù kan nílùú Cairo. Avner Greif, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ka àwọn lẹ́tà náà, ó sì fi hàn bí wọ́n ṣe ń ṣe é: bí aṣojú kan bá rẹ́ ọ̀gá rẹ̀ jẹ nílùú òkèèrè, ìròyìn á tàn, àwọn yòókù kò sì ní gbà á síṣẹ́ mọ́. Àwọn ọmọlẹ́yìn Shéù Amadou Bamba ní Sẹ̀nẹ̀gà, tí wọ́n ń pè ní Mouride, ní ẹgbẹ́ wọn káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, débi pé àlejò tó bá dé ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni lè rí ibi tí yóò sùn àti ọjà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Láyé ọjọ́un, àwọn Quaker tilẹ̀ ń yẹ ìwé owó ara wọn wò. Iye kan náà ni wọ́n ń ta ọjà fún gbogbo èèyàn, nítorí pé wọ́n ka ìnájà sí irọ́ pípa, àwọn tí kì í ṣe Quaker sì ń tìtorí ìyẹn wá rajà lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òdìkejì rẹ̀ gbangba. Ìfọkàntán yìí kan náà ni irinṣẹ́ ọwọ́ gbájú-ẹ̀. Bernard Madoff, gbájú-ẹ̀ tí ọwọ́ òfin tẹ̀ ní New York ní December 2008, Júù ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kówó fún un sì jẹ́ Júù bíi tirẹ̀, títí kan àwọn àjọ aláàánú. Wọ́n rò pé ẹni wa ni, wọn kò sì béèrè ohun tí wọn ì bá béèrè lọ́wọ́ àjèjì. Kò sí ẹ̀sìn tí irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ sí. Bí ẹni tí ẹ jọ ń sìn bá ní kí o wá fi owó sí òwò òun, béèrè ìwé ìṣirò owó náà.

Owó wo la lè fi bẹ̀rẹ̀, òwò wo la sì lè ṣe?

Ẹni tó ní èrò òwò ṣì nílò owó, ẹ̀sìn sì ní ọ̀rọ̀ láti sọ lórí ìyẹn. Kùránì, nínú Súrà 2 ẹsẹ 275, sọ pé Allah ṣe òwò ní ẹ̀tọ́, ó sì ṣe èlé ní èèwọ̀. Àwọn kan rò pé èyí fi hàn pé Ìsìláàmù kò fẹ́ òwò. Rárá o. Oníṣòwò ni Ànábì Muhammad fúnra rẹ̀. Òun ló ń bá Khadijah kó ọjà rìnrìn àjò kó tó fẹ́ ẹ. Súrà 62 ẹsẹ 10 sì ní tí ẹ bá ti kírun tán, kí ẹ tú ká sórí ilẹ̀, kí ẹ máa wá oore Allah. Èlé ni wọ́n kọ̀, wọn kò kọ èrè.

Ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà ni mudaraba. Ẹnì kan á mú owó wá, ẹnì kejì á mú iṣẹ́ àti ọgbọ́n wá. Wọ́n á ti jọ fẹnu kò ṣáájú lórí bí wọn yóò ṣe pín èrè, bóyá ìdajì-ìdajì. Bí òfò bá dé, tí kì í ṣe ìwà àìbìkítà ló fà á, olówó á pàdánù owó rẹ̀, òṣìṣẹ́ á pàdánù làálàá rẹ̀. Ẹ fi wé ẹ̀yáwó elélé: níbẹ̀, bí òwò bá wó, gbèsè kò wó. Ẹni tí ẹ̀rù gbèsè ń bà lè fi mudaraba bẹ̀rẹ̀. Ní 1963, Ahmad El-Naggar bẹ̀rẹ̀ báńkì ìfowópamọ́ kan tí kì í gba èlé ní Mit Ghamr, ní Íjíbítì, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí báńkì Ìsìláàmù òde òní ti ṣẹ̀.

Òfin lè ṣínà fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, kó sì dínà mọ́ òwò tó ń dàgbà. Timur Kuran, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ṣàlàyé pé òfin ogún Ìsìláàmù máa ń pín dúkìá láàárín ọ̀pọ̀ ajogún, ikú ẹnì kan sì lè tú àjọṣe òwò ká. Nítorí náà, lójú tirẹ̀, àwọn oníṣòwò kì í jẹ́ kí àjọṣe wọn tóbi tàbí kó pẹ́. Òfin tó dára fún àwọn ọmọ òkú ló fa èyí, kì í ṣe ìkórìíra òwò.

Ní ti irú òwò, Búdà, ẹni tó dá ẹ̀sìn Búdà sílẹ̀, ka márùn-ún tí ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe: ohun ìjà, èèyàn, ẹran, ọtí àti májèlé. Èèwọ̀ tún lè fi ọ̀nà tuntun hanni. John Cadbury kórìíra ọtí nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Birmingham ní 1824, tíì, kọfí àti ṣokoléètì mímu ló ń tà, ohun tí èèyàn lè mu dípò ọtí.

Ṣé onígbàgbọ́ kì í bẹ̀rù òfò ni?

Ẹni tó gbà pé Ọlọ́run ń bẹ lẹ́yìn òun lè dáwọ́ lé ohun tí ẹlòmíì ń sá fún. Ẹlòmíì tó gba ohun kan náà gbọ́ lè jókòó kó máa retí pé Ọlọ́run yóò ṣe é. Ẹ̀kọ́ kan náà, ìpinnu méjì, nítorí náà ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ pé ìgbàgbọ́ nínú àyànmọ́ ló ń sọ gbogbo èèyàn di ọ̀lẹ. Calvin lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ àyànmọ́ ju ọ̀pọ̀ lọ, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kò sì jókòó.

Ohun tó ń dùn mí ni bí àwọn oníwàásù kan ṣe ń lo ọ̀rọ̀ yìí: "Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, Ọlọ́run fẹ́ sọ ọ́ di agbanisíṣẹ́." Ìwé tí wọ́n gbé dání kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú Lúùkù orí 14 ẹsẹ 28, Jésù béèrè pé ta ni nínú yín tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tí kò ní kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tí yóò ná an. Nínú hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá, ọkùnrin kan bi Ànábì bóyá kí òun so ràkúnmí òun ni àbí kí òun fi í sílẹ̀ kí òun gbẹ́kẹ̀ lé Allah. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kó so ó, kó sì gbẹ́kẹ̀ lé Allah. Àwọn ẹ̀rí tí a sì ń gbọ́ níwájú ìjọ, ti àwọn tí òwò wọn dúró ni. Ẹni tí tirẹ̀ wó kì í gba maíìkì, nítorí náà a kì í mọ iye wọn.

Ṣé kò lè jẹ́ òwò ló ń fa ẹ̀sìn?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ọwọ́ àwọn oníṣòwò tó ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá ni Ìsìláàmù ti kọ́kọ́ tàn, àwọn oníṣòwò ìbílẹ̀ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Ẹ̀sìn kan náà mú òfin kan náà àti ìwé kíkọ kan náà wá láàárín àwọn tí èdè wọn kò dọ́gba. Ẹni tó bá wá kà á lẹ́yìn náà pé Mùsùlùmí pọ̀ láàárín wọn lè rò pé ẹ̀sìn ló sọ wọ́n di oníṣòwò, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti wà nídìí òwò tẹ́lẹ̀.

Bí òwò náà bá wó ńkọ́?

Èyí ni ìbéèrè tí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ń bi ara rẹ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sọ ọ́ síta. Owó tí yóò ṣòfò nìkan kọ́ ló ń rò; ó ń rò ojú tí wọn yóò fi máa wo òun.

Ìdáhùn àwọn àwùjọ ẹ̀sìn sí i kò dọ́gba. Láyé ọjọ́un, àwọn Quaker máa ń yọ ẹni tó jẹ gbèsè tí kò lè san kúrò nínú ìjọ. Èyí mú kí wọ́n ṣọ́ra, kí àwọn ará ìta sì fọkàn tán wọn, àmọ́ ó le fún ẹni tí àjálù lásán bá. Diutarónómì orí 15 ní tirẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n máa dárí gbèsè ji ara wọn ní ọdún keje-keje. Súrà 2 ẹsẹ 280 ní bí ajigbèsè bá wà nínú ìnira, kí wọ́n fún un lásìkò títí ara yóò fi tù ú, àti pé bí wọ́n bá fi í ṣe sàráà fún un, ó dára jù fún wọn.

Ìjọ tó ń sọ fún ẹni tí òwò rẹ̀ wó pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tàbí ìgbàgbọ́ rẹ̀ tó kéré ló fà á ń kọ́ àwọn tó jókòó sẹ́yìn lẹ́kọ̀ọ́ kan. Wọ́n ń wò ó. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ní èrò òwò tó dára, tó ti fi owó díẹ̀ pamọ́, yóò rí bí wọ́n ṣe ṣe arákùnrin yẹn, yóò sì di iṣẹ́ oṣù rẹ̀ mú. Kò sí ìwàásù nípa àṣeyọrí tí yóò yí i lọ́kàn padà lẹ́yìn ìyẹn.